Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ara Mi ní Ooru Nígbà Òtútù

Marathon des Sables, eré nǹkan bí 250 kìlómítà nínú aginjù Mòrókò, máa ń bọ́ sí oṣù kẹrin. Bí yìnyín bá bo ọ̀nà níbi tí o ti ń múra fún irú eré bẹ́ẹ̀, má fòyà. Nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ni ara fi ń mọ ooru, kì í sì í pẹ́ tó fi ń gbàgbé rẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn ni kí o fi sí.

Omi gbígbóná ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí mo bá ti sáré dé, n kì í jẹ́ kí ara mi tutù rárá: omi 40°C, mo wọ inú rẹ̀ dé ọrùn. Ìṣẹ́jú 10 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 30. Òógùn á máa ro tótó láti iwájú orí, àyà á máa lù kìkì. Bí mo bá fẹ́ jáde, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó sétí ọpọ́n ìwẹ̀, torí òòyì. Jọ̀wọ́, má dá a ṣe. Kí ẹnì kan wà nítòsí. Bí èébì bá ń gbé ọ, jáde kíá. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ rí dókítà ná.

Lọ́jọ́ mìíràn, mo máa ń wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra, mo sì ń sáré jẹ́jẹ́. Wọn ara rẹ ṣáájú àti lẹ́yìn eré: bí kìlò kan bá dín, omi bíi lítà kan ló bá òógùn lọ.