Àwọn àṣìṣe tó máa ń ba kéèkì ẹ̀gẹ́ jẹ́

Ẹni tó ti mọ kéèkì oníyẹ̀fun ṣe dáadáa ló máa ń tètè fi ẹ̀gẹ́ tútù ṣòfò, torí ó rò pé ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí kéèkì ẹ̀gẹ́ tó dé inú ààrò ló ti máa ń bàjẹ́: nídìí bíbó, nídìí rínrin, pàápàá jù lọ nídìí omi.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni irú ẹ̀gẹ́ tó máa lò. Ẹ má fi ẹ̀gẹ́ kíkorò ṣe kéèkì láéláé. Májèlé sáyánáìdì tó lè ti inú rẹ̀ jáde pọ̀, iná ààrò nìkan kò sì ká a. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá kíkorò ni àbí dídùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ti dídùn náà kò ṣeé jẹ ní tútù, nítorí náà ẹ má tọ́ ọ wò nígbà tí ẹ bá ń pò ó.

Èèpo méjì ni ẹ̀gẹ́ ní, ọ̀pọ̀ sì máa ń dúró lórí àkọ́kọ́. Májèlé yẹn pọ̀ nínú èyí tó nípọn lábẹ́ ti òde. Ẹ bó o kúrò pátápátá, kí ẹ sì fa okùn àárín yọ. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó dà bí aró nínú ẹran rẹ̀, ó ti pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá wú u, ó ti lè bẹ̀rẹ̀. Ṣúgà kò lè bo ìtọ́wò yẹn.

Ẹ rin ín kó kúnná, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó díẹ̀. Rínrin ló ń jẹ́ kí èròjà kan nínú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ tú májèlé náà sílẹ̀, kó lè bá omi àti ooru lọ.

Wàyí o, omi. Ẹni tí kò fún omi jáde lára ẹ̀gẹ́ rírin náà rárá, àárín kéèkì rẹ̀ á rọ̀ bí lẹ́ẹ̀. Ẹni tó fún un títí tó fi gbẹ táútáú, tiẹ̀ á máa fọ́ bí iyanrìn. Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti ẹni tó da omi náà nù. Ẹ gbé e kalẹ̀ nínú abọ́ títí sítáàṣì funfun yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ rọra da omi òkè nù, kí ẹ sì dá sítáàṣì náà padà sínú ẹ̀gẹ́. Òun ló ń di kéèkì mú. Lẹ́yìn náà ni ẹyin, ṣúgà àti wàrà àgbọn máa wọlé. Kò nílò páúdà amúkéèkì-wú, torí kì í wú bíi ti fúláwà.

Ẹ má sọ ooru di 220°C nítorí ìkánjú. Òkè á jó, inú á wà ní tútù. 180°C dára, nínú páànù tí kò jìn, fún bíi wákàtí kan. Ẹ má sì gbára lé ọ̀bẹ tí wọ́n ń kì bọ àárín kéèkì, torí ti ẹ̀gẹ́ kì í jáde ní gbígbẹ. Ẹ wò bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, tí àárín kò sì mì mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo gé e ní gbígbóná, mo rí i tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, mo sì dá a padà sínú ààrò. Ó le bí awọ. Ẹyọ kan tí mo gbàgbé sórí tábìlì ló dì fúnra rẹ̀ nígbà tó tutù, ó sì dùn. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ọ̀bẹ kàn án títí yóò fi tutù pátápátá.