Ẹ má tíì fọwọ́ kan sukúrù yẹn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú títún DVD ṣe nílé

Ọjọ́ tí DVD màmá mi kọ̀ tí kò ka díìsì mọ́, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí màá tú. Ìgbà ọyẹ́ ni, nílé wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Kí màmá tó ti Ọjà-Ọba dé, mo ti ṣí i, mo ti rí sukúrù kékeré kan lára lẹ́ǹsì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ka díìsì, mo sì ti yí i. Àfi bí díìsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́! Màmá ṣàdúrà fún mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́ǹsì kú fin-ín.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwa tá a ń fúnra wa kọ́ṣẹ́ yìí ń ṣe, sukúrù yẹn ló burú jù. Kò de nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Òun ló ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí lésà, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ka díìsì. Tẹ́ ẹ bá yí i sókè, lésà á tàn ju bó ṣe yẹ lọ, á ka díìsì tí kò kà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ ń jẹ yẹn. Bí ìgbà téèyàn fa òwú àtùpà sókè nígbà tí epo ti ń tán ni. Tó bá wá di pé gbogbo nǹkan mìíràn ti kọ̀, ẹ fi bírò fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ síbi tó wà kẹ́ ẹ tó yí i, kẹ́ ẹ lè dá a padà. Èmi ò fa ìlà kankan.

Kí ló wá ṣe ẹ̀rọ màmá gan-an? Eruku ni. Eruku ọyẹ́ lásán.

Ojú lẹ́ǹsì yẹn kéré bí ojú ẹja, ike ló sì sábà máa ń jẹ́. Orí wáyà tó tín-ín-rín bí irun ló rọ̀ sí. Tí òwú bá kàn án, ẹ óò rí i tó rì díẹ̀ tó sì gbéra padà. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Òwú tí a fi ń nu etí ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ kán ọtí isopropyl díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ rọra fi nù ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo pẹtiróòlù, ẹ má lo omi tí wọ́n fi ń pa kíúté rẹ́, torí wọ́n lè mú kí ojú ike náà ṣú. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ni yóò bá a. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo: ọwọ́ tó bá kan aró, gbogbo ọjà ló máa mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìka tó bá kan lẹ́ǹsì, ọ̀rá ìka yẹn kò ní fara pamọ́.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ wo inú lẹ́ǹsì bóyá ó ń tàn. Lésà tó ń ka síídì, ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn tó 780 nanomita. Ojú wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, àmọ́ ó lè ba ojú jẹ́. Pupa bàìbàì tẹ́ ẹ rí yẹn kọ́ ni gbogbo agbára rẹ̀.

Ní ti díìsì, ẹ má fi aṣọ nù ún yípo. Láti àárín ni kẹ́ ẹ ti nù ún lọ sí etí. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé orí síídì, níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, ló jẹ́ ẹlẹgẹ́ jù, torí abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni orin wà. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn: tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ti lọ.

Tí dírọ́à kò bá jáde, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Rọ́bà kékeré tó ń fà á ló sábà máa ń dẹ̀.

Tí ẹ̀rọ kò bá wá tan iná kankan níwájú, ẹ fi lẹ́ǹsì sílẹ̀. Ẹjọ́ iná ni. Iná wa tó ń ròkè tó ń wálẹ̀ yìí máa ń jó fíúsì, ó sì máa ń mú kí orí kapásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, wú bí àkàrà. Àṣìṣe tó lè pa èèyàn wà níbẹ̀: kéèyàn rò pé yíyọ wáyà lára ògiri ti tó. Iná 220 sí 240 fóòtì tó wọlé máa ń ju 300 lọ nínú kapásítọ̀ ńlá yẹn, ó sì lè jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà. Ẹ ní sùúrù, kẹ́ ẹ fi mítà táwọn oníṣẹ́ iná fi ń yẹ iná wò wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Mo ra lẹ́ǹsì tuntun fún màmá. Mo tò ó, kò ṣiṣẹ́. Mo fi ìbínú gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ọ̀gá náà gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, “Àbúrò, lẹ́ẹ̀dì yìí ńkọ́?” Ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì kan, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ fi jó wáyà pọ̀, wà lára rẹ̀, tí wọ́n fi so ojú méjì pọ̀ kí iná ara èèyàn má bàa pa lésà kó tó dénú ẹ̀rọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ ki okùn pẹlẹbẹ rẹ̀ bọ̀ ọ́ ná, kí n tó yọ lẹ́ẹ̀dì náà. Mo dúpẹ́. Títí mo fi kọjá Ọlá-Ìyá, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.