Ta Ló Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn? Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Ọmọ Onífídíò Ìtàn

Ogún ọdún ó lé ni mo ti fi ń ṣètò ìtàn lórí rédíò, pàápàá ìtàn àwọn olórí tí wọ́n yìnbọn pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fídíò tó ṣe wá kí n bá òun wò ó. Ó ra kámẹ́rà tuntun, ó gba òṣèré mẹ́ta, ó yá aṣọ sójà. Fídíò náà kò tíì lò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi pa Akíntọ́lá nínú oṣù Keje. Mo ní kó dá a dúró, kí n bu omi mu. Owó tó ná sí i tó ra ọ̀kadà.

Èkíní nìyẹn: ẹ má da ìdìtẹ̀ méjì ọdún 1966 pọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n pa S.L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, n'Íbàdàn, tí wọ́n pa Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá, ní Kaduna, tí wọ́n sì gbé Tafawa Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, lọ l'Ékòó. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ni wọ́n mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, àti Adékúnlé Fájuyì, tí wọ́n fi ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìdìtẹ̀ kìíní, nílé ìjọba n'Íbàdàn, tí wọ́n kó wọn gba ọ̀nà Ìwó lọ pa lágbègbè Lálúpọn. Ẹ̀san ìkíní ni ìkejì gbà. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ máa pariwo sí? Èmi náà sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ nígbà kan pé alẹ́ ọjọ́ kan náà ni Akíntọ́lá àti Fájuyì kú. Bàbá kan pè láti Adó-Èkìtì: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n pa á tán ni wọ́n wá fi í ṣe gómìnà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Èkejì, ẹni tó yìnbọn lè má jẹ́ ẹni tó rán an níṣẹ́. Wọ́n pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá 2001, kò sì sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ìwọ wá fẹ́ fi fídíò dájọ́? Kódà ẹnu ẹni tó ní òun yìnbọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: nígbà tí wọ́n pa Sylvanus Olympio, ààrẹ Togo, ní Lomé lọ́dún 1963, Eyadéma, sójà tó wá di ààrẹ níbẹ̀, kọ́kọ́ ní òun ló yìnbọn, ó tún wá sẹ́ ẹ lẹ́yìn náà.

Ẹ má ra fọ́tò "ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀". Ta ló ń ya fọ́tò nígbà tí ìbọn ń dún?

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Gbogbo òkú ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ fún. Àwa Yorùbá gbà pé Fájuyì kọ̀ kí wọ́n mú Ironsi, àlejò òun, lọ kí òun sì dá wà. Àwọn mìíràn ń jiyàn sí i. Èmi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú fídíò yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni Fájuyì fi sọ̀rọ̀ níwájú ìbọn, ó pa òwe mẹ́fà, violin ń dún lẹ́yìn. Sójà wo ló dúró gbọ́ òwe kẹfà?

Kò yọ ará Róòmù sílẹ̀. "Ìwọ náà, Brutus?" tí gbogbo ayé ń fi sẹ́nu Julius Caesar, olórí Róòmù tí Brutus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gún lọ́bẹ pa, eré Shakespeare ló gbé e dé etí wa, lẹ́yìn ohun tó lé ní 1,600 ọdún. Suetonius tó kọ ìtàn náà nígbà àtijọ́ ní Caesar kérora lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní àwọn kan sọ pé ó bá Brutus sọ̀rọ̀ lédè Gíríìkì. Ọgbẹ́ ni wọ́n kà dáadáa: 23, dókítà sì ní ẹyọ kan péré ló lè pa á.

Mo mọ ibi tí owó ti ń bọ́ sọ́nù nítorí tèmi náà bọ́ síbẹ̀. Mo san owó fún bàbá kan ní ọ̀nà Lálúpọn, mo tún ra bíà fún un. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ fún mi: bí Ironsi ṣe sọ̀rọ̀, bí Fájuyì ṣe dáhùn. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ni dírẹ́bà mi rọra bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣebí bàbá yẹn ní ọdún òmìnira ni wọ́n bí òun?" Ọmọ ọdún mẹ́fà, nínú igbó, láàárín sójà! Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà nílé. Mo máa ń gbọ́ ọ tí inú mi bá bàjẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹrin la wà? Ẹ rántí àwọn tó bá olórí kú. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kejì 1976 tí wọ́n dá Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, lọ́nà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Èkó, wọ́n pa Akíntúndé Akinsehinwa tó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Mọ́tò náà wà ní mùsíọ́mù Oníkàn, ihò ọta sì wà lára rẹ̀. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó háyà Mercedes fún òṣèré.

Ọ̀rọ̀ tí Dimka, sójà tó ṣáájú ìdìtẹ̀ náà, sọ lórí rédíò lọ́jọ́ náà sì wà lákọsílẹ̀: ó kéde òfin kónílé-ó-gbélé láti àfẹ̀mọ́jú títí di ìrọ̀lẹ́. Ojúmọ́ ló ní kí aráàlú má jáde, ó fi òru sílẹ̀ fún wọn! Nínú ẹ̀yin tó ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀, ta ló lè ronú kan ìyẹn?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pè mí lánàá. Ó ní òun ti gé ọ̀rọ̀ Fájuyì kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n òun ti sanwó violin tán. Mo ní kó fi sílẹ̀.