Ìsinmi àìsàn ní California: ibi tí ọ̀gá iṣẹ́ ti ń kọsẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń retí kí ìjọba àpapọ̀ ní Washington kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó máa sanwó fún òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2004 ni wọ́n ti ń gbé àbá Healthy Families Act, èyí tó fẹ́ sọ ìsinmi àìsàn di dandan, wọ ilé aṣòfin àpapọ̀, kò tíì di òfin. Ti ìpínlẹ̀ ni kí ẹ máa wò, òun náà kì í sì í dúró lójú kan. Ní Missouri, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí ìsinmi àìsàn ní 2024. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2025, àwọn aṣòfin sì fagi lé e, ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà.

Ní California, ìwé ìlànà tó ti gbó ló ń kó bá ọ̀gá: wákàtí 24 ìsinmi àìsàn lọ́dún ṣì ló wà nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wákàtí 40 tàbí ọjọ́ 5 ni, èyí tó bá pọ̀ jù. Olùtọ́jú arúgbó tó ń ṣe wákàtí 10 lójúmọ́, 50 ni tirẹ̀. Ìlú Los Angeles tún ní òfin tirẹ̀, wákàtí 48. Níbi tí òfin méjì bá ti pàdé, èyí tó ṣe òṣìṣẹ́ lóore jù ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ìṣirò gan-an ni wàhálà. Wákàtí 30 tí èèyàn bá ṣiṣẹ́ ló ń bí wákàtí 1 ìsinmi, àṣekún iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 20 lọ́sẹ̀ yóò ṣe 1,040 lọ́dún, ìyẹn wákàtí 34 ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹ má sọ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ kíkà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́: ìgbà yẹn ni ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ níṣẹ́ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lópin ọdún kò gbọdọ̀ ṣègbé, ó ń wọ ọdún tuntun ni, ẹ kàn lè dá a dúró ní wákàtí 80 tàbí ọjọ́ 10. Bí ìṣirò yìí bá ń sú yín, ẹ fún wọn ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nígbà náà, kò sí pé ẹ ń gbé àjẹkù kiri.

“Wá ẹni tó máa dúró fún ẹ kí o tó lọ.” Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ àṣegbà, òfin sì kà á léèwọ̀. Bákan náà ni fífi ọjọ́ àìsàn kún iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ pa iṣẹ́ jẹ, kí ẹ wá tìtorí ẹ̀ lé e.

Gbogbo ọjọ́ owó ni kí iye ìsinmi tó kù fara hàn lórí ìwé owó iṣẹ́ tàbí ìwé mìíràn tí ẹ fún òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọdún 3 ni kí ẹ fi pa àkọsílẹ̀ náà mọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ sì gbà á padà kí ọdún kan tó pé, wákàtí rẹ̀ tó kù ń bá a wọlé.