Bí mo ṣe wádìí orúkọ Walker, tí mo lọ bá ìtọ̀ níbẹ̀

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní Leeds níbí ló bi mí pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ mi, mo ní onílù ni wá nílé wa, Àyàn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yẹn ló ń sọ ọ́. Mo wá bi í ní ti ẹ̀, Walker, ó ní ẹni tó ń rìn ni, ó tán. Ha! Ṣebí gbogbo wa la ń rìn? Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ n sùn.

Google ni mo kọ́kọ́ lọ, ibi tí mo já sí ń ta àmì ìdílé nínú férémù, owó ni wọ́n ń wá jàre, mo jáde. Mo wá ṣí díkíṣọ́nárì tó máa ń sọ orísun ọ̀rọ̀, àṣé nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé tó gbàjọba ní England ní 1066, wealcan kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀ rárá, kí nǹkan máa yí, kó máa bì síwá sẹ́yìn bí omi òkun ni, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di rírìn. Ẹni tó wá ń fi ṣiṣẹ́ ṣe ni wealcere. Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ aṣọ o! Tí wọ́n bá hun aṣọ onírun àgùntàn tán, ó ṣì máa ń lọ́ràá, ojú ẹ̀ á sì fẹ́lẹ́, wọ́n á kó o sínú ọpọ́n, wọ́n á da omi sí i àti ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ̀ èèyàn tí wọ́n tọ́jú títí tó fi kan, wọ́n á wá bọ́ sínú ẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rá á fi jáde tí aṣọ á sì ki. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pe iṣẹ́ yẹn ní walken dòní. Nígbà tó fi máa di 1185, ẹ̀rọ tí omi ń yí ti wà ní Yorkshire, agbègbè tí Leeds wà, tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ sinmi, orúkọ ò kúrò.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé orúkọ Fuller àti Tucker náà, iṣẹ́ kan náà ni! Fuller ti ọ̀dọ̀ Látìn wá, apá gúúsù-ìlà-oòrùn ló pọ̀ sí. Tucker wá látinú tucian, ìyẹn kéèyàn fìyà jẹ nǹkan (aṣọ yẹn kúkú jìyà), ọ̀nà Devon ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni tiwọn, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n kọ́ ní 1471 ṣì wà ní Exeter. Walker ló ni apá àríwá lọ́dọ̀ wa níbí. Mo tún fi máàpù orúkọ tí wọ́n yọ látinú ìkànìyàn 1881 yẹ̀ ẹ́ wò, ó bára mu.

Nígbà tó di Mọ́ńdè mo ròyìn fún ọ̀gá, inú ẹ̀ ń dùn, àfi ìgbà tí mo dé ibi ìtọ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́ má sọ fáwọn ará ọ́fíìsì. Mo ti sọ fún méjì.