Bí Mo Ṣe Dán Iṣẹ́ Arthur Koehler Wò Lára Pákó

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo ka ìtàn ọmọ Charles Lindbergh, awakọ̀ òfurufú ará Amẹ́ríkà, àkàbà inú rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1932 ni wọ́n jí ọmọ náà gbé ní Hopewell, New Jersey. Ajọ́mọgbé gba owó ìràpadà $50,000, síbẹ̀ òkú ọmọ ni wọ́n rí ní oṣù karùn-ún. Àkàbà onípákó tí ajọ́mọgbé fi sílẹ̀ ni ọlọ́pàá ní kí Koehler, onímọ̀ igi láti Wisconsin, yẹ̀ wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá pákó lè jẹ́rìí lóòótọ́.

Mo gbé pákó tíìkì lọ sí ilé ìlagi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ ìfági fá a fún mi, ẹ má tíì pọ́n abẹ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fọ́ yẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìwọ nìkan ló ń wá pákó tí kò dán."

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti fèrèsé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú pákó láti ẹ̀gbẹ́. Ipa abẹ hàn ní ìlà-ìlà. Gbogbo ìgbà tí abẹ tó fọ́ bá yí dé, ó ń fi kókó tín-ínrín sílẹ̀. Mo ka ìlà tó wà láti kókó kan dé èkejì, mẹ́rin ni. Abẹ mẹ́rin náà ló wà nínú ẹ̀rọ.

Báyìí ni Koehler ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ tó fá pákó àkàbà ní abẹ mẹ́jọ fún ojú, mẹ́fà fún etí. Ó kọ̀wé sí ilé ìfági 1,598, títí ó fi dé McCormick, South Carolina. Ó tọ pákó náà dé ibi tí wọ́n ti tà á ní Bronx, New York, ní ìparí 1933, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kan Bruno Richard Hauptmann, ẹni tí wọ́n padà dá lẹ́bi. Àmọ́ owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ oníbàárà. Ó parí síbẹ̀. Owó bébà $10 kan lára owó ìràpadà náà, tí ẹni tó ń ta epo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí, ló mú Hauptmann ní 1934.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni pákó tún sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé wọ́n ti gé pákó kan kúrò ní àjà ilé rẹ̀, Koehler sì ní ìlà inú igi bá ti àkàbà mu.

Èmi náà gé tíìkì sí méjì, mo yọ díẹ̀ dànù láàárín, mo fi sáńpépà ha orí wọn, mo dà wọ́n pọ̀ mọ́ pákó igi mìíràn. Kíá ni ọmọ iṣẹ́ mi mú wọn jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi pákó mìíràn láti ara igi kan náà sí i, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ èwo ni o."

Nítorí náà, ihò ìṣó ló mú mi gbà ju ìlà igi lọ: ihò onígun mẹ́rin mẹ́rin wà lára pákó àkàbà, wọ́n sì bọ́ sórí ihò tó wà lára igi àjà, bí wọ́n ṣe jìnnà síra àti bí wọ́n ṣe dagun.