Ìpàkọ́ ni ìmísí mi wà

Ẹni tó bá ń fi fọ́tò ọwáńbẹ̀ jẹun á mọ ohun tí mò ń sọ. Sátidé dé, ìyàwó àti ọkọ wọlé, a ní kí wọ́n wo ara wọn lójú, kí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó gbé abẹ̀bẹ̀ sókè, kí bàbá ìyàwó ṣe bí ẹni tí omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Owó ń wọlé, oníbàárà ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi ti kú. Mo lè dùbúlẹ̀ sínú ilé kí n sọ bí fọ́tò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa rí. Mo wá ń wo iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí Instagram dòru, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ohun tí èmi náà ń yà. A kàn ń jí ara wa wò ni.

Fọ́tò tí J.D. 'Okhai Ojeikere, àgbà onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà, yà ló là mí lójú. Ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí ni wọ́n ti bí bàbá náà ní 1930. Ó ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn wa yìí, nínú yàrá òkùnkùn tí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ti ń fọ fọ́tò, láti 1954. Nígbà tó di 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin: lójú pópó, níbi iṣẹ́, lóde àríyá. Kò dáwọ́ dúró títí irun tó yà fi tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ní 2013, ọdún kan kí ó tó kú, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ ní Venice ní Ítálì. Mo ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́. Mi ò kàn jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ rí ni.

Àwọn àgbà onífọ́tò wa láyé ijọ́un, iwájú ni wọ́n máa ń kọ ènìyàn sí: ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, aṣọ tẹ́ rẹrẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojeikere ní tirẹ̀ yí ènìyàn padà. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò irun yẹn, ìpàkọ́ lo máa rí, tàbí ẹ̀gbẹ́ orí. Kò sí ohun kankan lẹ́yìn, kò sí àwọ̀, dúdú àti funfun lásán. Ojú ò ríbi sá lọ, àfi kó wo irun. Mo dé orí ọ̀kan tó pè ní Onílé Gogoro, tó yà ní 1975, ó pẹ́ kí n tó ṣí i kọjá. Irú irun yẹn ni ìyá mi máa ń kó nígbà tí mo wà ní kékeré, bẹ́ẹ̀ mi ò wò ó dáadáa rí.

Mo bá fi òfin de ara mi. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo, 50mm, èyí tí kì í fa nǹkan mọ́ra. Bí mo bá fẹ́ sún mọ́ nǹkan, ẹsẹ̀ mi ló máa gbé mi lọ. Aṣọ funfun kan lẹ́yìn. Kò sí fíláàṣì. Kò sí ojú. Àwọn kan máa ń sọ pé òmìnira ni oníṣẹ́ ọnà nílò. Èmi ò gbà. Ìgbà tí lẹ́ǹsì kún inú báàgì mi ni mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ yà.

Ọjà Ọba, nísàlẹ̀ òkè Màpó, ni mo gbà lọ. Àwọn onídìrí bíi mélòó kan jókòó sábẹ́ tápólì, òróró àgbọn àti òwú dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ojú gbooro o!"

"Òòyà á yà á o," ni èyí tó dàgbà jù níbẹ̀ dá mi lóhùn, kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, fọ́tò ni mo fẹ́ yà."

"Fọ́tò ta ni?"

"Irun yẹn ni, mà. Ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó dáwọ́ dúró. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, orí ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ máa gbé lọ yẹn. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Kò ṣàṣejù. Láyé tí a wà yìí, àjèjì tó bá ní ìpàkọ́ ọmọdé lòun wá yà, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo fi fọ́tò ìgbéyàwó orí fóònù mi hàn án. Kò kọbi ara sí i. Nígbà tí mo fi ti Ojeikere hàn án ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ké pe àwọn tó kù: "Ẹ wá wo irun! Irun ayé Gowon rèé!" Wọ́n pagbo yí i ká. Fóònù mi ò padà sọ́wọ́ mi bọ̀rọ̀.

Òun náà fún mi lófin tirẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ ya ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nítòsí. Mo sì gbọ́dọ̀ mú fọ́tò wá fún wọn lórí bébà, kì í ṣe orí fóònù.

Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ò rọrùn. Tápólì náà, búlúù ni, ó ń da búlúù sára gbogbo ènìyàn. Bí mo bá ń ya aláwọ̀ ni, ma ti sá lọ. Ọ̀sán gangan ò dáa rárá: oòrùn á wá láti òkè, irun á kàn di dúdú kan ṣoṣo. Àárọ̀ ló dáa, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ tápólì wọlé. Ọyẹ́ ń fẹ́ lásìkò yẹn, eruku inú afẹ́fẹ́ ti mú kí oòrùn rọ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé òwú jáde débi pé wàá rí bí wọ́n ṣe wé e láti ìdí irun dé ṣónṣó.

Kámẹ́rà náà ní ìwà tirẹ̀. Bí ohun dúdú bá kún ojú rẹ̀, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò, irun dúdú á wá di aláwọ̀ eérú. Nítorí náà, bí mo bá sún mọ́ irun, èmi fúnra mi ni mò ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, níwọ̀n ìdá méjì nínú mẹ́ta sítọ́ọ̀pù kan (sítọ́ọ̀pù ni àwa onífọ́tò fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Bó bá jẹ́ aṣọ funfun ló pọ̀ jù, mo máa ń fi kún un. Mo fi ihò lẹ́ǹsì sí f/8, ìyẹn ni pé mo mú un kéré díẹ̀, kí irun iwájú àti tẹ̀yìn lè hàn kedere. Orí kọ̀ǹpútà, mi ò ṣe ju pé mo yọ àwọ̀ kúrò lọ.

Nígbà tí mo kó fọ́tò orí bébà lọ fún wọn, mo rò pé bí irun ṣe nà sókè ni wọ́n máa yìn. Màmá, àgbà onídìrí tó fún mi lófin, mú ọ̀kan, ó fi èékánná rẹ̀ tọ ìlà kan lórí bébà. "Èyí kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ṣe é. Wo ojú rẹ̀, ó wọ́." Ó mú òmíràn. "Tèmi rèé." Kò wo ṣónṣó irun kankan. Ojú irun, níbi tí ìlarun ti pín in, ni ó ń wò.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ mi yí padà. Mo tọrọ àpótí ìjókòó, mo gun orí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí ya àwọn ọmọ láti òkè. Láti òkè, ojú irun ṣùkú rí bí ebè tí wọ́n kọ yí òkè kan ká: ìlà awọ orí ń dán fún òróró, gbogbo rẹ̀ ń gun àárín orí lọ. Bí mo ṣe rí ìyẹn, òmíràn ń tẹ̀ lé e. Mo ya òwú tí Màmá fi eyín dì mú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Mo ya etí ọmọ tó ká kò nítorí pé wọ́n fà á nírun. Mo ya ìka Màmá, tí òwú ti gé ojú sí lára. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ nídìí kámẹ́rà.

Mo ṣì ń ya ọwáńbẹ̀ o, ilé gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí wọ́n bá ń wé gèlè fún ọmọge, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń lọ dúró sí. Ojeikere náà ya gèlè, mo sì mọ ìdí. Ìyá ọkọ kan bi mí léèrè, "Ojú mi ńkọ́?" Ojú ló sanwó fún, ojú ni mo sì kọ́kọ́ yà, kí n tó bẹ̀ ẹ́ pé kó yí padà.

Màmá ti wá sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Bẹẹrẹ tó ṣì mọ àwọn irun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ò mọ̀ mọ́. Ó ní kí n lọ láàárọ̀ kùtù, kí n mú fọ́tò orí bébà dání, kí n sì rí i pé mi ò pè é ní àǹtí, nítorí obìnrin náà ló kọ́ òun níṣẹ́.